Ajá Jámánì Inú Pálọ̀ Pamílẹ́rìn

Ẹni tó bá kí Pamílẹ́rìn Sànúsí ní òwúrọ̀ ti wá ìyọnu wálé. Kò ní dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ tún táì rẹ̀ ṣe, yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ń dúró dè, ìgbà yẹn ni yóò wá fi imú jẹ́ ẹ.

Pamílẹ́rìn, àrẹ̀mọ kọ̀ǹténà! Ajẹ́ntì tó ń gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, tí kò lè gba òtítọ́ jáde ní ẹnu ara rẹ̀! Bí ẹnì kan bá dárúkọ Boundary ní Ajégúnlẹ̀ létí rẹ̀, yóò fa ojú ro. "Boundary? Ṣé ọ̀nà Kùtọnu nìyẹn?"

Irọ́ ni. Ẹ̀yìn Boundary gan-an ni wọ́n bí i sí, Coconut, ibùdó àwọn tírélà, ló sì ti ṣe mọ́tò-bọ́ì fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Nígbà tí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà, tó di ajẹ́ntì, ó háyà fúláàtì ní àdúgbò kan lẹ́bàá Liverpool Road ní Àpápá, ó sì gbàgbé gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tí gíríìsì wà ní èékánná rẹ̀. Ọdún márùn-ún nìyẹn.

Láàárín pálọ̀ rẹ̀ ni ó gbé tábìlì tó fi ń yangàn sí. Táyà tírélà ni, wọ́n kùn ún lọ́dà funfun, wọ́n wá gbé gíláàsì lé e lórí. Ó ní Ítálì ni wọ́n ti kó o wá. Fọ́káníṣà kan ní Coconut ló tà á fún un, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà Tin Can ṣì há sínú rẹ̀ di bí a ṣe ń sọ yìí.

Ó kù kí ó ní ajá. Gbogbo aládùúgbò ló ní ajá, ara Pamílẹ́rìn kò sì gbà á. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí àwọn awakọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà bo ojú, ó mú pọ̀nmọ́ dání, ó yọ́ lọ sí Coconut. Ajá pupa kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sípánà. Pamílẹ́rìn fúnra rẹ̀ ló tọ́ ọ láti kékeré kó tó fi í sílẹ̀ lọ. Sípánà gbóòórùn rẹ̀, kò tilẹ̀ wo pọ̀nmọ́. Ó fò mọ́ ọn, ó ń ju ìrù, ó ń ké. Ajá kì í gbàgbé olówó rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, ajá ló ní ìwà.

Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé, Sípánà ti di Hamburg, orúkọ tí Pamílẹ́rìn kà lára kọ̀ǹténà kan. Ó sọ fún gbogbo àdúgbò pé Jámánì ló ti wá, pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, pé kò sì gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan.

Àkókò yẹn gan-an ni àwọn olùgbé àdúgbò fẹ́ yan alága tuntun. Ohun tó ń bí gbogbo wọn nínú ni àwọn tírélà tó ń tò sójú pópó de wọ́ọ̀fù. Àwọn awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dúró ti táyà, wọ́n á tọ̀, òórùn á gba àdúgbò kan. Pamílẹ́rìn rí ọ̀nà àbùjá. Ó ń lọ láti ojúlé sí ojúlé, okùn ajá ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán ajá ló wà nínú fóònù rẹ̀.

"Ẹ dìbò fún mi! Ajá mi kì í tọ̀ sínú ilé láéláé. Ẹni tó bá lè kọ́ ajá ló lè kọ́ awakọ̀ tírélà. Tí n bá di alága, láàárín oṣù kan, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ wọn níbí mọ́!"

Ẹ wá gbọ́ o. Kò sí ajá tó ń tọ̀ sínú ilé ní gbogbo Àpápá bíi Hamburg. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí ẹni ń lo oògùn dókítà, ara tábìlì Ítálì ló ń tọ̀ sí. Fọláyọ̀ ìyàwó ilé ló ń nù ún, ìgbà tó bá nù ún tán náà ni òmíràn tún ti balẹ̀.

Pamílẹ́rìn mú ajá lọ́rùn, ó ti imú rẹ̀ mọ́ ìtọ̀. Ajá rò pé eré ni, ó yíjú, ó lá a lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì ó da ata gígún yí tábìlì ká. Òun fúnra rẹ̀ ló sín títí ìrọ̀lẹ́. Hamburg gbẹ́sẹ̀ sókè, ó tọ̀ pa ata náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó ṣe bí onílé Èkó: ó mú ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà pé Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ MỌ́ O, ÀṢẸ ALÁGA. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ táyà, ibi tí ojú ajá lè tó.

Fọláyọ̀ gbé mọ́ọ̀pù dúró. "Ẹ ní ajá Jámánì ni. Báwo ló ṣe máa ka Yorùbá?"

"Yóò mọ̀ pé àṣẹ ni," Pamílẹ́rìn dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà hàn sí Nkechi tí wọ́n ń pè ní Màmá Ebube, ara ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Òun náà ń du ipò alága. Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, ó ti sin ajá níbẹ̀ fún ogún ọdún, kò sì fi ibi tó ti wá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá dá iyọ̀ padà fún Fọláyọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú ìtọ̀.

"Ọ̀gá Pamílẹ́rìn, kò le rárá," ó ní. "Tó bá ti jí, ẹ mú un jáde. Tó bá jẹun tán, ẹ mú un jáde. Tó bá ti tọ̀ síta báyìí, kíá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ yìn ín, kó mọ̀ pé nǹkan gidi lòun ṣe. Ẹ wá fi fínígà fọ inú ilé, kí òórùn ẹ̀ má tún máa pè é. Ẹ sì gbé táyà yìí síta, abeg. Na this tyre dey call am."

"Táyà kẹ̀? Tábìlì Ítálì nìyí, màdáámù! Ajá Jámánì kì í sì í lọ tọ̀ síta bí ewúrẹ́ Ajégúnlẹ̀."

"Ewúrẹ́ Ajégúnlẹ̀ kì í tọ̀ sí pálọ̀ ṣá," Màmá Ebube dáhùn, ó sì nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Pamílẹ́rìn mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òótọ́ lobìnrin náà sọ. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mú ajá jáde? Tírélà ló kún ìta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí awakọ̀ kan ṣoṣo yọjú kó pè é ní "Sípánà!", alága ti bà jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ajá ń bẹ nínú ilé, ìtọ̀ náà sì ń bẹ nínú ilé.

Ọjọ́ ìbò pé, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Pálọ̀ Pamílẹ́rìn ni ìpàdé wà, òun ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Ó ti yọ páálí, ó ti fín lọ́fíńdà. Láti àná ni kò ti fún ajá lómi, nítorí ó gbà pé bí omi kò bá wọlé, omi kò ní jáde. Ṣùgbọ́n àánú ajá ṣe Fọláyọ̀. Nígbà tí àlejò ń wọlé, ó gbé abọ́ omi fún un ní kíṣìnì. Hamburg mu ún gbẹ, ó lá abọ́, ó tún wojú rẹ̀. Fọláyọ̀ bu òmíràn fún un.

Bàbá Tamuno, àgbà àdúgbò tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wọ́ọ̀fù, ló jókòó sí ipò ọlá. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ó ní. "Mo ti ránṣẹ́ sí olórí àwọn awakọ̀, ó ń bọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ti Pamílẹ́rìn."

Pamílẹ́rìn dìde. Hamburg jókòó tì í, ó ní ṣéènì dídán lọ́rùn.

"Ẹ wo ajá yìí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ ti ń wò ó láti bí ìdajì wákàtí. Ṣé ẹ rí ìtọ̀ nílẹ̀? Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn! Ẹni tó bá ń dúró tọ̀ sẹ́sẹ̀ táyà, ẹranko ni. Níbi tí mo ti wá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Níbo lo ti wá gan-an?" Bàbá Tamuno béèrè.

"Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ mi, bàbá."

Bó ṣe pa ẹnu dé báyìí ni tírélà kan dúró lẹ́nu géètì. Bíréèkì rẹ̀ tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀: fṣṣṣṣṣ!

Etí Hamburg nà ṣánṣán. Ní Coconut, bí bíréèkì bá ti dún bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ nìyẹn. Awakọ̀ á sọ̀, mọ́tò-bọ́ì á sọ̀, ajá á sọ̀, kálukú á sì mú táyà tirẹ̀. Ajá náà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó rìn lọ sídìí tábìlì Ítálì, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ sókè. Abọ́ omi méjèèjì ló tú jáde. Ìtọ̀ náà gùn ju ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn lọ, ó sì ṣàn dé ìdí sálúbàtà Bàbá Tamuno.

Ojú Pamílẹ́rìn ṣókùnkùn. Òkè òkun fò lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Sípánà! Comot for there! Orí ẹ pé ṣá? You think say na Coconut you dey?"

Màmá Ebube ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ta ni Sípánà?"

"Who dey call Sípánà?" ohùn kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Rukevwe nìyẹn, olórí àwọn awakọ̀ tí Bàbá Tamuno ránṣẹ́ sí. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ síta. Ajá fò mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. "Sípánà! Oṣù méjì la ti ń wá ẹ!" Ó gbójú sókè. "Ah-ah! Pàmí? Pàmí mọ́tò-bọ́ì mi! Ìwọ lo wọ táì báyìí?"

"Mi ò mọ̀ ẹ́ rí," Pamílẹ́rìn ní.

"O ò mọ̀ mí? Ọdún mẹ́jọ tó o fi sùn sínú ọkọ̀ mi ńkọ́?" Rukevwe kò tilẹ̀ bínú; ẹ̀rín ló ń rín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ajá wí. Ọ̀gá yìí ló kọ́ ọ. Nígbà tí Sípánà wà ní kékeré, Pàmí á gbé e dé ẹ̀gbẹ́ táyà, á ní, 'Oya, do like me.' Tó bá ti ṣe é, á pàtẹ́wọ́ fún un, á yìn ín."

"Ẹ ò wá rí i pé ó mọ ajá kọ́!" ni Màmá Ebube wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan di ikùn mú. Bàbá Tamuno gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó bi wọ́n pé ta ló fẹ́ Pamílẹ́rìn ní alága. Ọwọ́ kankan ò lọ sókè, ti Fọláyọ̀ wà lára mọ́ọ̀pù. Màmá Ebube sọ gbólóhùn kan péré: "Ẹ jẹ́ ká wá ilé ìtọ̀ fún àwọn awakọ̀ yìí, ẹni tí ò níbi tó máa lọ, ibi tó bá rí ló máa tọ̀ sí." Rukevwe ní àwọn awakọ̀ máa dáwó sí i. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.

Nígbà tí wọ́n fi máa wá Pamílẹ́rìn kó wá kí alága tuntun, kò sí níbẹ̀ mọ́. Fọláyọ̀ bẹ àwọn ọkùnrin méjì, wọ́n bá a yí tábìlì Ítálì jáde kúrò nínú ilé, àwọn èèyàn sì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ni wọ́n rí i. Ìtìjú ti lé e jáde, ìbẹ̀rù sì ti fún àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó ta táì sẹ́yìn ọrùn, ó dúró ti táyà iwájú tírélà Rukevwe, ó ń tọ̀. Sípánà, tó ti tẹ̀ lé e jáde láìpè, wà nídìí táyà ẹ̀yìn, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀.

Màmá Ebube alága bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, gbogbo àdúgbò sì gbà á.

"Ó káre!" ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ káre! Ẹ ti mọ ìta."