Ṣéènì Tí Mo Fẹnu Ara Mi Sọ Di Féèkì

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó: ọjọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé góòlù gidi ni ṣéènì mi, tí gbogbo ilé wa ní Lafiaji ń búra pé ayédèrú ni. Mi ò sì lè bínú sí wọn. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn.

Owó àjọ ọdún méjì ni mo fi ra ṣéènì náà lọ́wọ́ Àlàájì kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń rọ góòlù ní Ìdúmàgbò. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni. Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́, torí oṣù yẹn gan-an ni mo sọ fún un pé mi ò ní kọ́bọ̀ tí n ó fi ràn án lọ́wọ́ lórí òrùlé wa tó ń jò. Mo bá bẹ Àlàájì pé kó kọ “ṣéènì aláwọ̀ góòlù, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún” sínú rìsíìtì. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń mi orí.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tá a jọ ń gbélé, ní àwọn fẹ́ yá ṣéènì ọ̀hún lọ fi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, “Hà, Àǹtí mi, ẹ má fi ọrùn yín ṣeré o. Féèkì ọjà Jankara ni. Ó máa ń mú kí ọrùn yún èèyàn.” Mo tiẹ̀ họ ọrùn mi kí wọ́n lè gbà mí gbọ́. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní òun fẹ́ yá a mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n.

Mo tún wá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ adójútòfò wá sí ọ́fíìsì wa, mo kọ ṣéènì náà sínú fọ́ọ̀mù wọn ní iye tí mo rà á gan-an, mo sì ń sanwó wọn ní kọ̀rọ̀. Sọ́ńdè kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a bá fèrèsé ní ṣíṣí. Olè fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, ó fi aago ọkọ mi sílẹ̀, ṣéènì nìkan ló mú. Nínú gbogbo ayé, olè yẹn nìkan ni kò gba irọ́ mi gbọ́.

Mo fi tó ilé iṣẹ́ adójútòfò létí, mo sì ní kí ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n fẹ́ rán láti yẹ ọ̀rọ̀ wò wá lọ́jọ́ tí ọkọ mi máa lọ sípàdé. Ìpàdé ò wáyé, ọkọ mi wà nílé. Ọ̀gbẹ́ni jókòó, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó ní, “Mà, ẹ̀rí wo lẹ ní pé ó tó iye tẹ́ ẹ kọ?”

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti sáré wọ yàrá, ó mú rìsíìtì jáde tayọ̀tayọ̀. “Ẹ wò ó, sà! Ìyàwó mi kì í sọ ìwé nù.”

Ọ̀gbẹ́ni kà á, ó wo fọ́ọ̀mù rẹ̀. “Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún lèyí wí. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Òdo ló pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn, sà.”

Bí mo bá dákẹ́, owó ti lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé á gbóná. Ojúkòkòrò ló borí. Mo ní, “Góòlù gidi ni.”

Bí Àǹtí Bọ́lá ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, ni wọ́n bá wọlé wá gbà mí sílẹ̀. “Góòlù bíi ti báwo? Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ olè yẹn ló dà á lọ́kàn rú. Ìyàwó wa kì í purọ́. Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ fún mi pé féèkì ni!” Wọ́n pe obìnrin méjì tá a jọ ń gbélé, àwọn náà búra. Ọ̀kan ní òun mọ ìsọ̀ tí mo ti rà á ní Jankara.

“Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tó tà á,” mo ní, òógùn ti bò mí. Èmi, ọkọ mi, Àǹtí Bọ́lá àti ọ̀gbẹ́ni la jọ fẹsẹ̀ rìn dé Ìdúmàgbò.

Àlàájì ò jiyàn rárá. “Góòlù gidi ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rọ ọ́. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni wọ́n san.” Mo mí kanlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni bi í pé, “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún, bàbá?”

Mo ṣẹ́jú sí Àlàájì. Mo tún ṣẹ́ ẹ.

“Ẹ má ṣẹ́jú sí mi, mà. Mo ti lọ Mẹ́kà látìgbà yẹn, mi ò lè purọ́ mọ́. Wọ́n ní ahun ni ọkọ àwọn, pé tó bá mọ iye ẹ̀, á ní kí wọ́n lọ tà á. Wọ́n tún ní ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn kì í yá nǹkan kó dá a padà.”

Ọkọ mi fara balẹ̀ bi í pé, “Ṣé ẹ mọ ọkọ ọ̀hún, Àlàájì?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” Àlàájì fèsì, “ṣùgbọ́n àánú ẹ̀ ń ṣe mí.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà ilé iṣẹ́ adójútòfò dé, wọ́n ní ìwé làwọn ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnu. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ni wọ́n san. Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ fi bẹ Àǹtí Bọ́lá. Wọ́n gbé náírà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ò jà. Ohun tó kàn ń ṣe ni pé, bí ebi bá ń pa á, á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, á ní, “Ahun fẹ́ jẹun o.” Ì bá kúkú jà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn má purọ́ dáadáa jù. Mo pa tèmi débi pé nígbà tí mo dé pẹ̀lú òtítọ́, òtítọ́ ọ̀hún ló dà bí irọ́. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò ná, bóyá ọkọ mi wà nítòsí.