Tíṣà àti Nọ́ọ̀sì Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Fún Ọmọ Wọn Lésì

Ọmọbìnrin wọn àgbà ló fà á. Ó ní bàbá àti ìyá òun ti dàgbà kọjá ẹni tó ń dá gbé, kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ òun ní ìlú kejì. Ni Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bá ní kẹ̀kẹ́ làwọn máa gùn lọ fún un lésì, kó lè rí i pé ara àwọn ṣì le. Nọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀, tẹ̀ lé e, torí òun náà fẹ́ràn ilé rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, wọ́n ti wà láàárín oko àgbàdo tí kò ní igi kan ṣoṣo, Tíṣà níwájú, Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, atẹ́gùn ń gbá wọn lójú.

"Tíṣà, ẹ ní atẹ́gùn máa tì wá láti ẹ̀yìn."

"Bá a ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn."

"Iwájú ló ti ń tì wá."

"Ó máa yí padà. Atẹ́gùn kì í gbé ojú kan."

"Ojú tèmi ló ń gbé láti àárọ̀."

Tíṣà tẹrí ba lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù. Ní ti Nọ́ọ̀sì, orúnkún rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ tipẹ́, òun ni kò tíì dá a lóhùn.

"Oko yìí ti sú mi," ló sọ, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Tíṣà tẹ bíréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yíjú padà.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ta ló ní ẹ ṣe nǹkan?"

"O ní ọkọ yìí ti sú ẹ."

"Oko ni mo wí. Oko àgbàdo."

"Bí atẹ́gùn ṣe gbé e wá kọ́ nìyẹn."

"Ẹ máa gùn ún lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ ò tíì kàn."

Wọ́n tún gùn ún lọ. Kò pẹ́ tí Nọ́ọ̀sì fi rí i pé táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Tíṣà ti ń rọ̀, ó ń fẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn.

"Tíṣà, ẹ̀yìn yín ń jò."

Atẹ́gùn tún gbé ohùn ọ̀rọ̀ náà sókè. "Ń jó" ni Tíṣà gbọ́. Ó rọra rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, a ti dàgbà. Ojú ọ̀nà la sì wà."

"Mo ní ó ń jò."

"Mo gbọ́. Ó ti pẹ́ tó o ti yìn mí báyìí."

"Tí ẹ ò bá dúró, ilẹ̀ lẹ máa bá ara yín."

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ náà nìyẹn."

Ó bá ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, kí ẹni tó ń yìn ín lè rí nǹkan yìn. Táyà tẹ́ pátápátá. Irin ń lu ilẹ̀ gbàgà-gbàgà, Tíṣà sì yà bàrá wọ inú àgbàdo.

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ó fọwọ́ tẹ apá rẹ̀ wò, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, bó ṣe máa ń ṣe ní wọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un.

"Kò sí èyí tó ṣẹ́. Táyà ẹ̀yìn yín ló ń jò."

"Táyà ni kó o ti kọ́kọ́ dárúkọ."

Tíṣà yọ ẹ̀gún tó gún táyà, ó fi gúlùù lẹ rọ́bà mọ́ ojú ihò. Iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ó ku ká fẹ́ ẹ. Mú un wá."

"Kí ni?"

"Ohun tí mo ní kó o mú nílé. Mo ní kó o mú ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn."

Nọ́ọ̀sì tú báàgì rẹ̀. Ó mú abẹ̀bẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì jọ wò ó.

"Pọ́ǹpù ló wà lọ́kàn mi."

"Ọkàn yín kọ́ ni mo di ẹrù látinú ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni mo lò."

"Ó jinlẹ̀. Ibi tó jìn dé la wà yìí."

Tíṣà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn olùkọ́ ti kúrò níbẹ̀.

"Tá a bá pe ọmọ wa pé kó wá gbé wa, ilé yẹn ti lọ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì rántí kíṣíìnì rẹ̀, àti ẹ̀rọ omi tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ń gbá kó tó yọ omi. Ó jókòó tì í.

"Kò sẹ́ni tó máa pè é."

Fóònù Tíṣà dún. Ọmọ wọn ni.

"A wà dáadáa," ni Tíṣà wí. "Ilé náà ni. Ariwo wo? Fèrèsé ló ṣí sílẹ̀."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

"Ó ní kí n wá ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Tiwa. Ó gbé mọ́tò ńlá wá, ó fẹ́ kó ẹrù wa."

"Ta ló bá a wá?"

"Òun nìkan ni."

Nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún gèlè ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ nìkan, ní gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn? Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà oko ni kó o gbà padà. Èmi àti bàbá ẹ ti jáde wá pàdé ẹ, ká lè sìn ẹ́ délé ẹ. Ṣùgbọ́n má kó ẹrù kankan sínú mọ́tò yẹn o. Kẹ̀kẹ́ wa fẹ́ àyè."