Erin Tí Mo Tọ Ipasẹ̀ Rẹ̀ Lẹ́yìn Òkè-Àgbò

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méjìlá. Mo mọ̀ torí pé mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, ìwé náà sì wà níwájú mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn fùfú kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ayé mi, ti ọjọ́ yẹn á ṣẹ́ kù, torí àwọn tó bá mi débẹ̀ kò ní jẹ́ kí n gbàgbé.

Ó ti lé lọ́dún kan nígbà náà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, tí mo wà nílé ìyá mi ní Òkè-Àgbò láìníṣẹ́. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo kà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ bi mí nípa àwọn ọgbà ẹranko ìjọba káàkiri ayé, màá fèsì: ibi tí omi gbígbóná ti ń tú sókè láti inú ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bí agbo ẹranko ṣe ń sọdá odò ní Sẹ̀rẹ̀ǹgẹ́tì, ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà ní Yánkàrí. Èyí tí mo ti fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ nínú wọn kò sí. Nígbà tí ìyáàfin kan wá láti Ìbàdàn, tó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa mú àlejò wọ igbó ẹ̀yìn ìlú wa níbi tí erin ṣì wà, mo gbà pé iṣẹ́ mi ló dé. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú òun wọ igbó lọ́jọ́ kan, kí òun fi wò mí.

"Àwọn tó kàwé pọ̀ lọ́wọ́ mi," ló sọ. "Ẹni tó lè fi nǹkan hàn mí ni mo ń wá."

Bí mo ṣe ń jáde lọ́jọ́ náà, ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ké sí mi láti ilé ìdáná. Odó ńlá kan wà tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí Bàbá Olódó gbẹ́ fún ìkórè.

"Bàbá Olódó ní òun á gbé odó ìkórè jáde sí títì lónìí. Tó o bá ń bọ̀, dúró bá a gbé e."

"Màmá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń bá lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ odó."

"Ó dáa o. Odó kì í kúkú rìn."

Àwa mẹ́ta la wọ igbó: èmi, Màdáàmù tó wá láti Ìbàdàn, àti Ṣẹ́gun dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn igbó àmọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ sì rọ̀. A kò tíì rìn tó ààbọ̀ wákàtí tí mo fi rí i: ojú ẹsẹ̀ kan, róbótó, ó fẹ̀, ó sì jìn. Òmíràn wà níwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún, òmíràn tún wà lápá òsì. Mo lóṣòó tì í. Mo yọ rúlà. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo fi okùn wọn àyíká rẹ̀, mo sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ìwé sọ pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀ iwájú erin, a óò mọ bó ṣe ga tó.

"Ó lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, mà," mo wí jẹ́jẹ́. "Abo ni mo fura sí. Ara rẹ̀ sì balẹ̀."

"Gáìdì, ta ló sọ fún ọ pé ara rẹ̀ balẹ̀?" Ṣẹ́gun bèèrè.

"Ìṣísẹ̀ rẹ̀ dọ́gba."

"Ẹsẹ̀ méjì péré ni mò ń rí o. Erin wo ló ń rìn bíi pásítọ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn erin sábà máa ń tẹ ibi tí ti iwájú ti tẹ̀. Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi lọ́jọ́ náà: gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́, àfi erin fúnra rẹ̀.

Síwájú díẹ̀, mo rí èèpo igi tí wọ́n bó sílẹ̀. Erin máa ń bó èèpo igi jẹ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí kùkùté tí àáké gé pẹ̀lú. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ àwọn agégẹdú nìyẹn. Màdáàmù ń mi orí, ó ń ya fọ́tò. Mo ti ń fojú inú rí owó oṣù mi àkọ́kọ́.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ níwájú. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì.

Mo na ọwọ́ sókè kí wọ́n dúró. Mo gba àtíkè nínú báàgì Màdáàmù, mo bù ú sọ sókè, mo rí i pé ọ̀dọ̀ erin ni atẹ́gùn ń gbé òórùn wa lọ. Lọ́fínńdà Màdáàmù sì ń ta sánsán. Mo ní kí wọ́n fi ẹrẹ̀ pa ojú àti ọrùn. Màdáàmù, tòun ti kánfáàsì funfun rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹrẹ̀ pa ojú.

"Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ rí mi báyìí," Ṣẹ́gun ń kùn.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín," mo sọ. "Ohun yòówù tí a bá rí, ẹ má sáre. Ẹni tó bá sáre ni erin ń lé."

A yọ́ sún mọ́ ọn. Gbì. Gbì. Igbó mì. Ohun kan kérora, "Hùn-ùn!", kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wa.

Mo sáre.

N kò lè sọ ohun tí mo rò nígbà yẹn, torí n kò rò ó. Mo kàn mọ̀ pé mo já sínú kòtò tí wọ́n rẹ gbágùúdá sí, pé omi rẹ̀ mu mí dé àyà, àti pé kì í ṣe àná ni wọ́n rẹ ẹ́. Nígbà tí mo la ojú, àgbàlagbà kan ló dúró lókè mi, tó ń nu òógùn.

"Ẹ kú ìrìn o," ó wí ní ojúlówó Ìjẹ̀bú, tí mo kọ síbí bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ. "Ta ló ń wẹ̀ nínú fùfú ìyàwó mi?"

Bàbá Olódó ni. Ó tẹjú mọ́ mi dáadáa.

"Ọmọ Tíṣà kọ́ nìyí? Ìyá ẹ ló rán ẹ wá bá mi gbé odó?"

Odó náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ga dé ìgbáròkó rẹ̀. Màdáàmù, tí òun àti Ṣẹ́gun ti dé ibẹ̀, bi í bó ṣe dá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ débẹ̀.

"Èyí wúwo ju orí èèyàn kan lọ. Mo ń mú un rìn ni." Ó di ẹnu odó mú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí i: gbì, lápá ọ̀tún. Ó tún yí i: gbì, lápá òsì. Ó kérora, "Hùn-ùn!" Lójú gbogbo wa, erin mi ṣí ẹsẹ̀ méjì.

Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gáìdì, abo ni lóòótọ́. Oyún iyán ló wà níkùn ẹ̀."

Màdáàmù jókòó sínú koríko, ó rẹ́rìn-ín títí ẹrẹ̀ ojú rẹ̀ fi sán. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó bi Bàbá bóyá ó ti rí erin rí.

"Wọn kì í gba ibí. Ẹ̀bá odò lọ́hùn-ún ni wọ́n ń gbà lásìkò òjò. Ẹsẹ̀ wọn kò sì rí báyìí. Èékánná máa ń hàn níwájú rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn."

Mo ti ka ti èékánná náà rí. N kò kàn wá a ni.

Èmi àti Ṣẹ́gun la bá Bàbá mú odó náà rìn dé títì, níbi tí ìyá mi ti ń dúró. Ó gbóòórùn mi kó tó rí mi. "Ṣé wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́?" ló bi mí, kò sì dúró de èsì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Màdáàmù pè. Bàbá Olódó ni yóò máa ṣíwájú àwọn àlejò. Èmi yóò máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé mi, mi ò sì gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sílẹ̀ tí Bàbá kò bá tíì wò. Mo gbà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí èèyàn tó ka ẹsẹ̀ tó wà lọ́nà, kó kọ́kọ́ bi olóko léèrè ẹni tó kọjá. Bí mo bá rántí bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìfọ̀kànbalẹ̀ odó, èmi náà a máa dá rẹ́rìn-ín, bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí.

N kò tíì rí erin kankan títí di òní. Ṣùgbọ́n odó yẹn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lẹ́yìn ìkórè, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi rúlà wọn ìdí rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n.