Télọ̀ Tó Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Àpò Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ rèé tó ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀. Ìdun ló dá a sílẹ̀.

Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, Ẹ̀gbọ́n, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti ọ̀nà jíjìn dé, láti ilẹ̀ gbígbẹ kan tí oòrùn ti ń dín èèyàn bí ẹyin. Ó sùn ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀, ọjọ́ méjì péré. Orí gáùn tuntun tí télọ̀ rán fún ọ̀gá ilé-ìwé ló gbé àpò rẹ̀ lé. Ọ̀gá ilé-ìwé wọ gáùn náà lọ sípàdé àwọn òbí. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ó họ ọrùn, ó họ ìhà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ẹ̀yìn ha ògiri bí ewúrẹ́. Ìdun kan já bọ́ lára gáùn náà, wọ́n ní níbo ló ti kó o. Ẹ̀gbọ́n, tó bá àbúrò rẹ̀ wá sípàdé, ló nawọ́ sókè:

"Ẹ yẹ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi wò. Èmi náà, wọ́n jẹ mí níbẹ̀."

Ọjọ́ náà ni télọ̀ di Onídun. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Télọ̀ ò gbàgbé. Ọdún mẹ́tàdínlógún, kò fi "ẹ káàárọ̀" kan ṣòfò lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lánàá, Baálẹ̀ wo ẹrù tí wọ́n kó síwájú rẹ̀: àpò kan tó jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà méjì tó tẹ́ pẹlẹbẹ, àti rédíò kan tó yọ́ bí àbẹ́là.

"Ta ló pẹjọ́?"

"Èmi ni, Baba," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Àbúrò mi ló fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ mí."

"Ìwọ alára?"

"Èmi alára, Baba. Áyọ́ọ̀nù eléèédú! Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ́kọ, mo ní kí ìjà tán, ẹ̀gbọ́n ni mí. Èmi àti ìyàwó mi dé níjẹta ní ọ̀sán gangan. Mo ní, 'Àbúrò mi, ọjọ́ méjì péré la fẹ́ sùn.' Kò kí wa káàbọ̀. Ó ní ká dúró nínú oòrùn. Ó gba àpò mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Ó lọ aṣọ mi, mo ní kò burú. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé fìlà. Ó gbé e lé bàtà. Nígbà tó gbé e lé rédíò, wọ́n ń ka ìròyìn lọ́wọ́, Baba! Ohùn ẹni tó ń kà á fà gùn-ùn-ùn, ó wá dákẹ́."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó ti sá kọjá títì."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ó ní kí n yíjú sógiri, òun fẹ́ lọ ìdí ṣòkòtò mi. Mo sì wà nínú ẹ̀!"

Àwọn ìjòyè rọra fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ yíjú sí télọ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, Baba. Mo kọ́kọ́ wọ́n omi sí i lára. Èmi kì í lọ nǹkan ní gbígbẹ."

"Kí ni rédíò ṣe ọ́?"

"Baba, ẹ̀yìn rédíò yẹn ní ihò méjìlélógún. Mo kà á. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lójú ìdun. Lọ́túnla, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ń bọ̀ wá sùn nílé mi. Ìyá ọkọ ti bi ọmọ mi pé, 'Kí ló dé tí wọ́n ń pe bàbá ẹ ní Onídun?' Ọmọ mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní tí ìdun kan ṣoṣo bá jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ ti tán. Ibi tí a ti ń gbọn ibùsùn lẹ̀gbọ́n mi ti yọ, àpò yẹn náà ló gbé lọ́wọ́. Àpò yẹn náà, Baba! Bọ́tìnnì tó já lára ẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹ wò ó, kò tíì gán an. Àbúrò rẹ̀ sì ni télọ̀!"

"Àpò ò lẹ́bi!" Ẹ̀gbọ́n figbe ta. "Baba, ìdun ò lè gbé níbi tí mo ti ń bọ̀. Oòrùn ibẹ̀ gbóná ju áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. Ìdun tó bá ṣìnà débẹ̀, á gbẹ bí ewé, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mojú ìdun láyé mi."

Ẹlẹ́rìí télọ̀ dìde. Onígbàjámọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti télọ̀.

"Baba, mo fi ojú mi méjèèjì rí ìdun tó jáde látinú àpò náà lọ́dún yẹn. Ó tóbi tó ẹ̀wà. Ó tún wẹ̀yìn."

"Ọdún mélòó lo ti wà ní àdúgbò yẹn?"

"Ọdún mẹ́wàá, Baba."

"Lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ họ orí. "Mo wà nílùú kejì. Ṣùgbọ́n télọ̀ ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Ó ti di ojú mi."

"Jókòó, kó o máa gé irun lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó òun wá jẹ́rìí, nítorí ìyàwó òun ti bá òun dé ilẹ̀ gbígbẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kò sí ìdun níbẹ̀, Baba," ni obìnrin náà wí. "A máa ń sùn bí ọmọ tuntun."

"Níbo lẹ ń sùn sí?"

"Lórí ọkọ̀, Baba. Lórí ẹrù."

"Ṣé wọn ò ní ilé àlejò níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní. A máa ń gba yàrá. Àpò ọkọ mi ló ń sùn síbẹ̀."

Baálẹ̀ fara balẹ̀.

"Àpò ń sùn nínú yàrá, èèyàn ń sùn lórí ẹrù?"

"Nítorí ooru ni, Baba," Ẹ̀gbọ́n já lu ọ̀rọ̀.

"Nígbà òtútù ńkọ́?"

"Orí ẹrù náà ni," ìyàwó fèsì. "Eyín wa á máa lu ara wọn káká."

"Ìyá àwọn ọmọ, ó tó bẹ́ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní.

"Baba ló ń bi mí! Nítorí àwọn onílé ni, Baba."

"Àwọn onílé wo?"

"N ò mọ̀ wọ́n o. Ọkọ mi ló máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀, á gbé àtùpà wo ara ògiri, á ní, 'Àwọn onílé ti jí. Dìde, ká gòkè.'"

Ẹ̀rín bú jáde. Àgbà ìjòyè kan tó ti ń tòògbé láti àárọ̀ lajú, ó ní, "Oòrùn ń pa ìdun tó bá bá níta. Èyí tó wà nínú ògiri tó lanu, ta ni yóò jíṣẹ́ oòrùn fún un? Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ tú àpò náà wò." Ó padà sẹ́nu oorun rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò gbà. "Àpò mi mọ́, Baba. Ó mọ́ lọ́dún yẹn, ó mọ́ lónìí. Mo lè búra."

"Má búra," ni Baálẹ̀ wí. "Ìdájọ́ mi rèé. Ti rédíò: télọ̀, wàá máa lọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́ títí ẹni tó ń ka ìròyìn yóò fi padà dé. Ti àpò: Ẹ̀gbọ́n, o ní ó mọ́. Ki orí bọ inú rẹ̀ dé ọrùn. Èmi yóò ka ení dé ẹ̀tàdínlógún, ọdún kan, iye kan. Tó o bá dé òpin láìfọwọ́ họ ara, o jàre. Télọ̀ ni Onídun, ọmọ rẹ̀ ni ọmọ Onídun, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà á sì jẹ́ ẹ."

Télọ̀ káwọ́ lérí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ àpò náà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ̀ ọ́, inú àti ẹ̀yìn, ó ki ṣóńṣó áyọ́ọ̀nù bọ gbogbo igun rẹ̀. Kò sí ìdun kan tó lè kù nínú rẹ̀, kò sí ẹyin ìdun. Ìmọ́tótó òun ni yóò dá òun lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n ti ki orí bọ àpò.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Ẹ̀gbọ́n dúró gbọn-in bí òpó.

"Àrún. Ẹ̀fà. Èje."

Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán."

"Baba, ẹ máa kà á kánkán!" ohùn kan ké látinú àpò.

"Ẹ̀... wá," Baálẹ̀ fà á bí ẹní fa rọ́bà. "Ọ̀... kàn..."

"Wọ́n ti dé!" Ẹ̀gbọ́n já àpò kúrò lórí, ó sọ ọ́ nù. Ó họ ọrùn, ó họ ìhà, ó fẹ̀yìn ti ògiri ààfin, ó ń ha á. "Wọ́n ti wọ etí mi! Ẹ gbà mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ!"

Baálẹ̀ gbé àpò náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó gbọ̀n ọ́n títí. Kò sí ohun tó jábọ́, àfi eérú díẹ̀.

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀," ó ní. "Ta ló wá jẹ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí etí síbẹ̀. Ó wo aṣọ funfun, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá wo àbúrò rẹ̀. Ó kùn nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ sínú irùngbọ̀n.

"A ò gbọ́," Baálẹ̀ ní. "Kọjú sí fèrèsé."

Àwọn èèyàn ti kún ojú títì, wọ́n na ọrùn. Télọ̀ dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ó pè é bó ṣe yẹ:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ohùn yín lọ sókè dáadáa. Ilé ìyá ọkọ jìn díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n di fèrèsé mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Èmi ni!" ó kígbe. "Èmi ni mo kó wọn wá! Mo rí ọ̀kan lọ́rùn gáùn yẹn kí ọ̀gá ilé-ìwé tó wọ̀ ọ́, mo dákẹ́. Ìtìjú ló mú mi, ni mo bá nawọ́ sí àbúrò mi. Kò sí ìdun kankan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ o, gbogbo àdúgbò: èmi ni Onídun!"