Ìbọn Tí Wọ́n Yìn fún Bàbá Ọ̀ṣúnníyì Tó Ń Jẹun

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná? Ẹ máa ní nítorí ahọ́n ni. Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé mọ́tò ti wà láyé nígbà náà, kó lọ pa ìtàn tirẹ̀.

Òjélàdé ló ń fẹ́ Arínọlá, ọmọ Bàbá Ọ̀ṣúnníyì, ní ìlú wa lórí òkè. Ìfẹ́ wọn ò níṣòro, mọ́tò Òjélàdé ló níṣòro. Gbogbo ìgbà tó bá ń gun òkè bọ̀ ló máa ń kú sójú ọ̀nà, tí wọ́n á máa tì í dé ilé àna. Ó sú Bàbá.

"Bó o bá tún fi mọ́tò títì wọ ilé mi," Bàbá ní, "má dárúkọ Arínọlá sí mi létí mọ́ láéláé."

Ni Òjélàdé bá lọ ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń pàṣẹ iye epo tí yóò máa mu. Ó ní ohun tí wọ́n ń yí lára, bí èyí tí wọ́n fi ń yí ohùn rédíò sókè. Wàídì mọ́káníìkì so ó, ó yí i díẹ̀.

"Ẹ wà á yípo ná, ọ̀gá. Ká wo èéfín rẹ̀ ká tó fi kún un."

"Ká wo èéfín? Àna mi ń retí mi, ò ń sọ̀rọ̀ èéfín!"

Òjélàdé fúnra rẹ̀ na ọwọ́, ó yí i dé òpin.

Mọ́tò fò. Ó gun òkè bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n epo tó ń mu ti ju èyí tó lè jó lọ, ìyókù wá ń gbiná nínú páìpù èéfín. Bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ilé Bàbá báyìí: Gbò! Gbò! Gbò!

Ìbọn la sì fi ń kéde ikú àgbà ní ìlú wa. Àwọn ọdẹ tó ń mu ẹmu gbé igbá sílẹ̀.

"Apá ilé Ọ̀ṣúnníyì ni o!"

"Áà! Bàbá dáadáa ni."

Ni àwọn náà bá yìnbọn dáhùn. Kíá, ẹkún ti gba àdúgbò.

Bàbá wà nínú yàrá, ó ń jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó gbọ́ ìbọn, ó gbọ́ ẹkún, ó mọ̀ pé àgbà kan ti lọ, wọ́n á sì tó wá pe òun. Kó má bàa fi ọbẹ̀ aládùn sílẹ̀ fún ológbò, ó gbé abọ́, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan. Yéè! Ahọ́n bó. Ohùn há. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń dárò òun lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ pariwo pé òun ò kú, "haaa" nìkan ló ń jáde.

Mọ́tò ti gbé Òjélàdé kọjá ilé wọ inú oko olóko. Ó sáré padà, ó bá èrò.

"Ta ló kú?"

"Àna rẹ ni!"

Ó ṣubú lulẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Bàbá, ẹ ò tíì fún mi lọ́mọ o! Mi ò jẹ́ kí wọ́n ti mọ́tò mọ́, Bàbá!"

Àfi bí Bàbá ṣe yọ, tòun tahọ́n níta, ẹ̀gúsí ní irùngbọ̀n. "Àkúdàáyà!" Àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ sá, wọ́n sọ ìbọn nù. Àwọn ẹbí tẹ̀ lé wọn. Òjélàdé tó dojú bolẹ̀ nìkan ló kù, ó ń sunkún kíkorò. Ó wú Bàbá lórí gan-an pé àlejò ló dúró ti òun. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí. Òjélàdé gbójú sókè, ó rí ẹni tó gbọ́wọ́ lé e, ó dákú.

Nígbà tí ahọ́n Bàbá jiná, ẹbí péjọ láti gbọ́ bóyá ó gbà kí Òjélàdé fẹ́ Arínọlá.

"Mo fún un lọ́mọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kó fi rìn wá gbé e."

Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá fún un. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún fẹ́ ẹ, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ lójú.

"Ọmọ mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Wọ́n á sin ọ́ láàyè."