Ọjọ́ tí Mo Kun Irun Nítorí Fídíò

Bí mo tilẹ̀ dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí wọ́n gbé fóònù sẹ́yìn kíláàsì mi kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná.

Yunifásítì kan ní Àkókó níbí ni mo ti ń kọ́ni. Ìṣirò ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n, kì í ṣe pé mo ń yin ara mi. Àmọ́ àwọn ọmọ ń féèlì. Èmi a ní ọ̀lẹ ni wọ́n, fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn, Fúnmiláyọ̀, ọmọ Ìfira, tó ti féèlì kọ́ọ̀sì mi lẹ́ẹ̀mejì. Ni ọ̀gá ẹ̀ka wa bá pè mí.

Ó ní, "Bí ọmọ yẹn bá tún féèlì, ilé ló ń lọ o, a ò lè gbà á mọ́. Mo ti ní kí Ìyá Dókítà wá wo bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn."

Ìyá Dókítà la máa ń pe obìnrin Ọ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ran àwa olùkọ́ lọ́wọ́, kí ìkọ́ni wa lè dára sí i. Inú bí mi. Èmi tí àwọn tí mo kọ́ ti ń kọ́ ẹlòmíì! Àfìgbà tí màmá náà sọ pé fóònù lòun máa gbé sẹ́yìn kíláàsì, ká lè jọ wo fídíò rẹ̀ tó bá yá. Bí mo ṣe gbọ́ fídíò báyìí, ara mi yá gágá. Ẹ wo ìwà ọmọ ẹ̀dá! Dípò kí n jókòó ti ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ wọn, Ìkàrẹ́ ni mo gbà lọ, ó di ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi dáì sí i. Ewú yìí ti pọ̀ jù fún fídíò."

Mo ní kó máa fi sí i lọ. Ó kun orí, ó kun irùngbọ̀n. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wò mí títí, ó pòṣé, ó ní, "Dádì, ta lẹ fẹ́ẹ́ fẹ́?"

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé kóòtù dúdú tí mo fi gbéyàwó wọ̀. Kò sí iná, fáànù kò yí, kíláàsì kún dẹ́múdẹ́mú. Mo kí àwọn ọmọ tán, òógùn bò mí. Mo fa áńkáṣíìfù funfun yọ, mo fi nu iwájú orí. Yéè! Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yára kọjú sí bọ́ọ̀dù, mi ò sì yíjú padà mọ́. Mò ń kọ, mò ń sọ̀rọ̀, dáì ń ṣàn wọ kọ́là. Bí mo ṣe nawọ́ sókè láti kọ ìlà kan, kóòtù ya fàà lábẹ́ apá. Ó wá di pé mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọ̀wé nísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù. Àkókò pé, mo fẹ̀gbẹ́ rìn jáde bí akàn, ẹnu mi ṣì ń ṣàlàyé lọ.

Nígbà tí èmi àti Ìyá Dókítà jókòó wo fídíò náà, ẹ̀yìn mi nìkan la rí. Ẹ̀yìn kóòtù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú mi tiẹ̀ fẹ́ dùn pé dáì ò hàn, àfi bí màmá náà ṣe tọ́ka sí igun kan. Ọwọ́ ọmọ kan wà lókè, ọwọ́ Fúnmi. Ó nà á títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì gbórí lé tábìlì.

Mo ní, "Mà, dáì ló fà á. Mi ò kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí wọ́n bá wa pe Fúnmi. Ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ béèrè lọ́jọ́ náà.

"Mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ sún díẹ̀ ni, sà. Mi ò rí bọ́ọ̀dù."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Wọn ò kọ́ wa nílé ká máa pariwo mọ́ àgbà lẹ́yìn, sà. Mo rò pé ẹ máa yíjú wò wá."

"Ṣé ẹ̀yin ọmọ ò rí i pé dáì ń ṣàn lójú mi ni?"

Ó wò mí bíi pé ọ̀rọ̀ mi ò yé e. "Dáì wo, sà? Bí ẹ ṣe máa ń ṣe náà lẹ ṣe."

Nígbà tí ọmọ náà jáde, Ìyá Dókítà fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Kí lẹ ń sá fún?"

Mo ní, "Ìbéèrè ni, mà. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí wọ́n má lọ bi mí lóhun tí mi ò mọ̀. Bọ́ọ̀dù kì í bi èèyàn ní nǹkan." Omijé bọ́ lójú mi, àgbà ojú bíi tèmi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn kíláàsì mi ni Ìyá Dókítà ń jókòó sí. Bí mo bá ti kọjú sí bọ́ọ̀dù jù, á wúkọ́. Lóṣù àkọ́kọ́, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa màmá olóore! Lọ́jọ́ kan, Fúnmi nawọ́, ó béèrè ohun tí mi ò mọ̀ lóòótọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." Ilé ò wó, ẹnikẹ́ni ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kí olùkọ́ máa wò kó tó mọ̀ bóyá òun ń kọ́ni.

Fúnmi yege. Bàbá rẹ̀ ru iṣu wá láti Ìfira, àgbẹ̀ tó dàgbà jù mí lọ, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo yára dì í mú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tọ́mọ yín féèlì yẹn, èmi gan-an ló féèlì."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà àwọn olùkọ́ yunifásítì mà pọ̀ o. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.