Oúnjẹ Àlejò Tí Mo Fi Bọ́ Ewúrẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi sin mí: ọjọ́ Sátidé tí mo fi oúnjẹ ọmọ mi bọ́ ewúrẹ́, tó sì kù díẹ̀ kó lé mi kúrò nílé ara mi.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi kú nígbà ọyẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa níbí, ní abúlé wa lọ́nà Akínyẹlé, la sin ín sí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì la fi jọ gbé, kò sì gbà mí láàyè ní ìdí ààrò rí. Bí mo bá ti yọjú báyìí, á ní, "Bàbá Gbádé, ẹ máa lọ jókòó." Mo máa ń lọ jókòó. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Nígbà tí òjò dé, Gbádé àkọ́bí wa ní òun fẹ́ kó mi lọ sí ìgboro Ìbàdàn.

"Bàámi, gaàrí lẹ ń mu láàárọ̀, gaàrí lẹ tún ń mu lálẹ́. Ẹ ò lè dá oúnjẹ sè."

Ta ni yóò wá máa ro ìdí ibojì ìyá rẹ̀? Mo ní, "Kí ìwọ àti Fúnmi ìyàwó rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí oúnjẹ mi bá dùn lẹ́nu yín, ẹ fi mí sílẹ̀ síbí. Bí kò bá dùn, màá di ẹrù mi."

Láàárọ̀ Sátidé náà, Làmídì, aládùúgbò mi tó ń gbin ewébẹ̀ tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìgboro ń rà, gbé agbọ̀n kan wá.

"Bàbá, gíríìnbíìnsì nìyí, ẹ̀wà òyìnbó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já a ni. Kì í pẹ́ jiná o."

Èmi tí mo ti ń gbin ẹ̀wà kí wọ́n tó bí Làmídì! Mo dúpẹ́, n kò béèrè nǹkan kan.

Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń bó o. Èèpo rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò ju ẹyin iná orí lọ. Àánú Làmídì ṣe mí; mo ní irè oko rẹ̀ kò gbó lọ́dún yìí. Èèpo yẹn, mo ń dà á fún ewúrẹ́ Ìyá Ràfíù, ará ilé kejì sí tiwa. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìkómọ. Nígbà tí oòrùn fi kàn tàrí, ohun tí mo rí bó kò kún ìdajì agolo mílíìkì.

Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀wà a máa wú. Mo pọn omi kún ìkòkò ńlá Àbẹ̀kẹ́, mo dáná, mo da ẹ̀wà sí i. Ẹ̀wà kì í sì í tètè jiná, nítorí náà mo lọ jókòó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Oorun gbé mi lọ.

Èéfín ló jí mi, òun àti fèrè mọ́tò Gbádé. Fúnmi ṣí ìkòkò, ó wo ẹ̀wà tó ti jóná mọ́ ìdí rẹ̀ títí.

"Bàámi, kí lẹ sè?"

"Gíríìnbíìnsì."

"Èèpo rẹ̀ ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí ewúrẹ́.

"Háà! Bàámi, èèpo yẹn gan-an la máa ń jẹ!"

Ewúrẹ́ náà gùnfẹ̀, kò wojú mi.

Gbádé kò rẹ́rìn-ín. "Bàámi, báàgì yín dà?"

Àdéhùn ni àdéhùn. Mo wọlé. Mo ti ká ṣòkòtò méjì nígbà tí Fúnmi pè mí. Ó rí ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀ agbọ̀n tí ọwọ́ mi kò tíì dé.

"Bàámi, ẹ wá sè é. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹnu nìkan ni màá fi bá yín ṣe é."

Ó ń sọ, mo ń ṣe. Mo gé ṣóńṣó orí àti ìdí rẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́. Mo fi epo pupa din ata, mo fi irú sí i, mo wá da gíríìnbíìnsì náà lé e.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

"Kò tíì jiná."

"Ó ti jiná, Bàámi!"

Iṣu ni mo sè tì í. Gbádé jẹun. Nígbà tó yá, ó lá ọwọ́, ó wo ẹ̀yìnkùlé.

"Irú Màámi lẹ lò."

"Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò irú rẹ̀ ni."

Ó dìde, ó gbé báàgì mi, ó sì dá a padà sí yàrá fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, mo sì ṣìnà láàárín ilé ìdáná. Títí dòní, bí ewúrẹ́ Ìyá Ràfíù bá rí mi pẹ̀lú agbọ̀n, yóò tẹ̀ lé mi. Òun nìkan ló yin oúnjẹ mi láìsí àmọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ro ìdí ibojì Àbẹ̀kẹ́, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ èsì tí ì bá fún mi. Mo bá jókòó tì í.